Calcium Inú Báàgì Oúnjẹ: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Láti Wọ́ọ̀dù Iṣẹ́ Abẹ Ní Ìlọrin

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kò tíì pé ogójì ọdún. Láti agbègbè Ọ̀fà ni wọ́n ti gbé e wá sí ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin, lẹ́yìn tí ibà táífọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń fi àgbo àti oògùn orí àtẹ tọ́jú nílé ti lu ìfun rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n rán ibi tí ó lu, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ojú rírán náà tú, omi ìfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú egbò jáde sí ara ikùn. Ohunkóhun tí ó bá jẹ lẹ́nu kì í pẹ́ tú jáde láìṣe ara rẹ̀ lóore, omi tí ó ń jáde náà sì ń bó awọ ikùn rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì, egungun èjìká rẹ̀ ti yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, albumin, ọ̀kan lára èròjà protein inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, sì ti wálẹ̀ sí 22 g/L, bẹ́ẹ̀ 35 ni ó kéré jù tí ó yẹ kí ó jẹ́.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ fẹnu kò pé kí a dá oúnjẹ ẹnu dúró, kí a sì máa gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọ títí ojú ìfun náà yóò fi pa dé. Wọ́n fún un ní fítámì B1 ṣáájú, nítorí pé ara tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́ lè dojú rú bí ṣúgà bá kàn wọlé sí i lójijì. Báàgì oníyàrá mẹ́ta ni ẹbí rẹ̀ rí rà. Omi ṣúgà wà nínú yàrá kan. Amino acid, èròjà tí ara fi ń ṣe protein, wà nínú èkejì, pẹ̀lú àwọn iyọ̀ ara bíi sodium, potassium, magnesium, phosphate àti calcium. Ọ̀rá wà nínú ẹ̀kẹta. Nígbà tí a bá fẹ́ lò ó ni a ó ká a láti òkè, tí ìdènà àárín àwọn yàrá náà yóò já, tí gbogbo rẹ̀ yóò dà pọ̀ di omi funfun kan tí ojú kò lè là kọjá. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ti wọn ohun gbogbo inú rẹ̀ kí wọ́n lè bá ara wọn gbé láìjà. Ohun tí ó bá tún wọ ibẹ̀ lẹ́yìn èyí, àlejò ni.

Ìṣòro kan wà tí ó ṣáájú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Iṣan ọwọ́ obìnrin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n ti gún ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n ti gún òsì, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ti le koko, ó sì ń dùn ún bí a bá fọwọ́ kàn án. Kánúlà kan ṣoṣo, ìyẹn rọ́bà tín-ín-rín tí a fi sílẹ̀ nínú iṣan, ni ó ṣẹ́ kù, lókè ọrùn ọwọ́ òsì, òun náà ni oúnjẹ ń gbà wọlé ní nǹkan bí mílílítà 60 ní wákàtí kan, tọ̀sán tòru. Oògùn rẹ̀ kò sì kéré: ceftriaxone gíráàmù 2 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ àti metronidazole ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, àwọn méjèèjì fún kòkòrò àrùn, omeprazole tí ń dín omi kíkan inú ikùn kù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àti paracetamol. Gbogbo wọn ni wọ́n kọ pé kí ó gba inú iṣan, kò sì sí ẹni tí ó kọ iṣan wo.

Ní òru ọjọ́ kẹta tí oúnjẹ náà bẹ̀rẹ̀, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé láti láàbù: calcium 1.95 mmol/L, bẹ́ẹ̀ ibi tí láàbù náà fi ààlà sí ni 2.20 sí 2.60. Dókítà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà, ẹni tí kò tíì pẹ́ tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́, rí i pé ó lọ sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé kí wọ́n fi calcium gluconate 10%, mílílítà 10, sínú báàgì oúnjẹ. Nọ́ọ̀sì fi sírínjì fà á, ó sì gba ojú ìdí báàgì náà gún un wọlé bí ó ti wà lórí ìkọ́, ṣáájú aago mẹ́fà ìdájí díẹ̀. Aago mẹ́fà ni àkókò ceftriaxone. Ó pò ó mọ́ omi iyọ̀ mílílítà 100, ó so ó mọ́ ojú oríta tí rọ́bà dírìpù ti pín sí méjì, ó sì jẹ́ kí ó máa kán lọ pẹ̀lú oúnjẹ. Kò sí èyí tí ó ṣe nínú rẹ̀ tí a kò máa ń ṣe pẹ̀lú omi iyọ̀ lásán lójoojúmọ́.

Ìyá ọkọ aláìsàn ni ó kọ́kọ́ rí i. Àwọn màmá tí wọ́n ń sùn ti aláìsàn ní wọ́ọ̀dù wa kì í fojú kúrò lára dírìpù. Bí ó bá yára jù wọ́n á sọ, bí ó bá falẹ̀ wọ́n á sọ.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ wá wò ó. Oúnjẹ yìí ò kán mọ́ o."

"Mo ń bọ̀, Màmá. Ẹ má fọwọ́ kàn án o."

Nọ́ọ̀sì náà gbìyànjú láti fi omi iyọ̀ ṣan kánúlà, ó sì rí i pé sírínjì ń ta kò ó. Ibí ni iṣẹ́ rẹ̀ ti wú mi lórí jù. Kò fi agbára tì í. Ẹlòmíràn ì bá ti tẹ sírínjì mọ́lẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi là, ohun tí ó dí ọ̀nà náà ì bá sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó ti gbogbo ẹnu rọ́bà náà pa, ó yọ kánúlà, ó so rọ́bà àti báàgì pọ̀ sínú láílọ́ọ̀nù kan, kò jù ú nù, ó sì ránṣẹ́ pe dókítà àti ilé oògùn.

Nígbà tí èmi, apòògùn ilé ìwòsàn náà, dé ibẹ̀, ọkọ obìnrin náà ti dé, inú rẹ̀ kò sì dùn. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ju ọ̀kan lọ: wọ́n ti ta ayédèrú báàgì fún un. Owó kékeré kọ́ ni ó fi rà á, nínú oòrùn ọ̀sán ni ó sì gbé e wá nínú búùtù ọkọ̀.

"Apòògùn, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?"

Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Oòrùn Ìlọrin láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Ọ̀rá inú irú báàgì yìí lè yà kúrò lára omi bí ooru bá pọ̀ jù fún un. Bí ó bá yà, a ó rí òróró tí ó pọ́n díẹ̀ tí ó léfòó sókè, tàbí kí a rí ìlà òróró lára báàgì. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo yí i síwá sẹ́yìn: àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba, kò sí òróró lókè, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ sì pé. Ọkọ náà wò ó pẹ̀lú mi. Ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó.

Lẹ́yìn náà ni a wá wo rọ́bà. Mo tẹ́ láílọ́ọ̀nù dúdú sínú àwo irin tí wọ́n fi ń gbé ohun èlò ní wọ́ọ̀dù, mo gé rọ́bà sí méjì ní ojú oríta, mo sì fi omi iyọ̀ ṣan apá kọ̀ọ̀kan sínú àwo tirẹ̀. Láti apá òkè, ìyẹn láti ara báàgì dé oríta, omi funfun nìkan ni ó jáde, nígbà tí omi iyọ̀ sì fọ̀ ọ́ tán, ara rọ́bà mọ́ kedere. Láti apá ìsàlẹ̀, láti oríta dé ibi tí kánúlà wà, omi funfun jáde pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí ó ti ń fọ́ lórí láílọ́ọ̀nù dúdú náà, wóró wẹ́wẹ́ funfun ṣẹ́ kù sílẹ̀. A tan iná fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́, wóró náà sì ń kọ mọ̀nà. Díẹ̀ lára rẹ̀ lẹ̀ mọ́ inú rọ́bà, pàápàá ní ibi tí rọ́bà ti fúnra láti wọ ẹnu kánúlà.

Kí iyèméjì má baà sí, a gbé omi láti inú báàgì àti omi láti ìsàlẹ̀ oríta lọ sí láàbù, wọ́n sì fi wọ́n sínú ẹ̀rọ tí ń yí ẹ̀jẹ̀ kí pupa rẹ̀ lè yà kúrò lára omi. Nínú túùbù tí ó ti inú báàgì wá, ohunkóhun kò sílẹ̀ sí ìdí. Nínú ti ìsàlẹ̀ oríta, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun kan sílẹ̀ sí ìdí túùbù, ó dì mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí mo padà sí ilé oògùn, mo fi ceftriaxone pípò sínú sírínjì kan tí ó mọ́, mo sì kán calcium gluconate sí i lójú dókítà òru àti nọ́ọ̀sì. Ojú ẹsẹ̀ ni omi mímọ́ méjèèjì di àwọ̀ ẹfun.

Nítorí náà báàgì kọ́. Ceftriaxone àti calcium ni wọ́n pàdé ní oríta. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nínú ìmọ̀ oògùn. Ní ọdún 2007 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tí ń ṣàbójútó oògùn níbẹ̀, kéde ìkìlọ̀ nípa àwọn ọmọ tuntun jòjòló tí wọ́n kú, tí a sì rí wóró ceftriaxone pẹ̀lú calcium nínú ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín wọn. Ní ọdún 2009 wọ́n ṣe àlàyé kún un: ọmọ tí kò tíì ju ọjọ́ 28 lọ kò gbọdọ̀ gba ceftriaxone bí ó bá ń gba omi tí calcium wà nínú rẹ̀ tàbí bí a bá ń retí pé yóò gbà á. Ẹni tí ó ti ju ọjọ́ 28 lọ lè gba méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, bí a bá fi omi tí ó bá a mu ṣan rọ́bà dáadáa láàárín wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ orí tí a ti gbà pé kí wọ́n jọ gba ojú oríta kan náà lákòókò kan náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé ni pé oúnjẹ inú iṣan wà lára àwọn omi oní-calcium náà, yálà a fi nǹkan kún un tàbí a kò fi kún un, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Ringer's lactate, omi dírìpù tí ó wà ní gbogbo wọ́ọ̀dù.

Ewu tí ó wà nínú oúnjẹ olọ́ràá ni pé funfun rẹ̀ ń bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀. Bí ceftriaxone bá bá calcium jà nínú omi mímọ́, nọ́ọ̀sì yóò rí i bí ó ṣe ń ṣú. Nínú omi funfun, a kì í rí nǹkan kan títí rọ́bà yóò fi dí tàbí títí aláìsàn yóò fi máa mí gúlegúle. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, FDA kan náà fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí ènìyàn méjì kú, tí ó kéré tán méjì mìíràn sì ní ìṣòro èémí, nípasẹ̀ oúnjẹ inú iṣan tí calcium àti phosphate ti dì nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú wò, calcium phosphate ni wọ́n bá nínú àwọn iṣan tín-ín-rín ẹ̀dọ̀fóró. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé kí asẹ́ wà lójú rọ́bà, asẹ́ tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1.2 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà) fún oúnjẹ tí ó ní ọ̀rá. Kò sí asẹ́ lójú rọ́bà obìnrin yìí. Kò sí ní ilé ìwòsàn náà, ẹbí rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n béèrè rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí calcium 1.95 yẹn, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì calcium inú ẹ̀jẹ̀ ni ó so mọ́ èròjà protein, albumin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tí ó wà ní òmìnira ni ara ń lò. Bí albumin bá wálẹ̀, iye calcium tí láàbù kà yóò wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tí ara ń lò lè wà ní ipò rẹ̀. Ìṣirò tí a máa ń lò kò le: fún gíráàmù albumin kọ̀ọ̀kan tí ó dín ní 40 nínú lítà kan, a ó fi 0.02 kún iye calcium. Albumin obìnrin yìí jẹ́ 22, ó dín ní 18, 0.02 lọ́nà 18 jẹ́ 0.36, tí a bá fi kún 1.95, ó di 2.31. Láàárín ààlà ni ó wà. Kò tún sí ìka tí ń yún, kò sí iṣan tí ń fà, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ tí ń béèrè calcium. Èèyàn lè sọ pé kí a wọn calcium olómìnira gan-an, èyí tí ó dára ju ìṣirò lọ, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ kì í jáde lóru ní ibi tí a wà, ìṣirò yìí sì tó láti dá ọwọ́ dúró di òwúrọ̀.

Mílílítà 10 calcium gluconate 10% ní nǹkan bí 2.2 mmol calcium nínú. Nígbà tí a ka ohun tí wọ́n kọ sára báàgì, a rí i pé àfikún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ calcium inú rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ó sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Oògùn tí a gún sí ìdí báàgì tí ó ti wà lórí ìkọ́, tí a kò yí i po, kì í tàn ká. Yóò gbára jọ nítòsí ẹnu ọ̀nà àbájáde, òun ni yóò sì kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tí ó mọ ìtàn potassium chloride mọ ohun tí mo ń wí, nítorí pé irú ìgúnsíwọlé bẹ́ẹ̀ lè dá ọkàn dúró. Ní ti obìnrin yìí, calcium tí ó nípọn sọ̀ kalẹ̀ ní àkókò tí ceftriaxone ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Bí a bá fẹ́ wá àkókò tí ó burú jù fún ìpàdé wọn, a kò lè rí òmíràn.

Dókítà òru náà béèrè ohun kan tí ó dára: ṣé kì í ṣe calcium àti phosphate inú báàgì ni wọ́n máa kọ́kọ́ jà kí ceftriaxone tó dé? Wọ́n lè jà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ yìí kan díẹ̀, kíkan rẹ̀ sì ń jẹ́ kí phosphate wà ní irú èyí tí kò tètè dì mọ́ calcium. Bí kíkan náà bá ti ń dín kù ni ewu ń pọ̀ sí i. Calcium gluconate náà sàn ju calcium chloride lọ, nítorí pé kì í tètè tú calcium rẹ̀ sílẹ̀. Ooru ni mo ń bẹ̀rù jù ní ìlú yìí. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ooru máa ń jẹ́ kí ó yọ́, ṣùgbọ́n calcium phosphate kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ooru bá ń pọ̀ sí i ni ó ń dì sí i, ó sì lè gba wákàtí púpọ̀ kí ó tó hàn. Báàgì tí ó dára ní yàrá tútù láàárọ̀ lè má dára mọ́ ní ọ̀sán, nínú wọ́ọ̀dù tí iná ti lọ tí fáànù kò yí. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé bí a bá gbọ́dọ̀ fi méjèèjì kún oúnjẹ, phosphate ni yóò ṣáájú, a ó pò ó dáadáa, calcium ni yóò sì wọlé kẹ́yìn, lórí tábìlì tí ó mọ́ ní ilé oògùn, kí báàgì tó gun orí ìkọ́.

Omeprazole aago mẹ́jọ ti wà nínú àwo, wọ́n ti fà á sínú sírínjì, ojú oríta kan náà ni ì bá sì gbà. Omi omeprazole dà bí omi eérú, òdìkejì kíkan pátápátá. Àìkan rẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí oògùn náà bàjẹ́. Bí ó bá bọ́ sínú ohun tí ó kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà, agbára rẹ̀ yóò sì dín kù. Kódà nínú omi ṣúgà 5% kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́fà lọ, bẹ́ẹ̀ nínú omi iyọ̀ ó lè lo méjìlá. Oúnjẹ inú iṣan ní ṣúgà, ó kan, ó tún ní amino acid. Kò sí ibi tí ó burú fún omeprazole jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti aláìsàn fúnra rẹ̀, èémí rẹ̀ kò yí padà. Atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 97%, kò wúkọ́, àyà kò dùn ún, àyẹ̀wò kíndìnrín tí a ṣe ní ọjọ́ náà àti ní ọjọ́ kejì kò sì fi ìyàtọ̀ hàn. Báàgì náà di ohun tí a dà nù, pẹ̀lú èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀. Dókítà àgbà ni ó ṣàlàyé fún ọkọ rẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà tí a gé àti túùbù láàbù lọ́wọ́, kò sì fi ohunkóhun pamọ́. Ọkùnrin náà ní kí a jọ̀ọ́ kí a kọ ohun tí ó kù tí ó yẹ kí òun rà, kí ó má baà jẹ́ pé ohun kékeré ni yóò ba ohun ńlá jẹ́. A kọ asẹ́ sí i. Ìbàdàn ni wọ́n ti bá a wá a.

Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ń fẹ́ kí a lẹ ìwé kan mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù tí yóò sọ oògùn tí ó bá oúnjẹ inú iṣan mu àti èyí tí kò bá a mu. Mi ò sọ pé kí a má lẹ̀ ẹ́. Acyclovir, ganciclovir, amphotericin B, phenytoin, sodium bicarbonate: ẹni tí ó bá rí orúkọ wọn lára ògiri yóò dá ọwọ́ dúró, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ara ògiri kì í sọ gbogbo rẹ̀. Heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lè bá oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá gbé láìsí wàhálà, kí ó sì da ọ̀rá rú nínú èyí tí ó ní in. Ohun tí a dán wò pẹ̀lú báàgì ilé iṣẹ́ kan, ní ìwọ̀n kan, kò di òfin fún báàgì mìíràn. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ kó ṣáájú ìwé ògiri. Lákọ̀ọ́kọ́, ṣé aláìsàn nílò oògùn yìí lónìí? Èkejì, ṣé inú iṣan nìkan ni ó lè gbà? Ẹ̀kẹta, ṣé ó lè dúró de ìgbà tí oúnjẹ kò kán? Lẹ́yìn mẹ́ta yìí ni mo máa ń fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí bóyá ó bá a mu, ó sì yà mí lẹ́nu bí ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kì í ti í sábà ṣẹ́ kù mọ́.

Bí a ti ṣe nìyẹn fún obìnrin yìí. Calcium kúrò nínú ìwé. Metronidazole ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò ikùn kò fi ọyún hàn níbìkankan, oníṣẹ́ abẹ sì dá a dúró. Paracetamol bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdí wọlé. Ó ku ceftriaxone tí ó ní ọjọ́ díẹ̀ síi, àti omeprazole, èyí tí a kò fẹ́ kí ó kúrò nítorí pé ó ń dín omi tí ń tú jáde láti ìfun kù. Dókítà apanilóorun bá wa rí iṣan kan lápá ọ̀tún, èyí tí à bá pa mọ́ fún oúnjẹ nìkan, ṣùgbọ́n a kò rí èkejì fún oògùn. Nítorí náà a yí àkókò oúnjẹ padà: dípò kí ó máa kán ní gbogbo wákàtí 24, ó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó sì ń parí ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ní mílílítà 80 ní wákàtí kan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí ṣúgà. Ara tí ó ti ń tú insulin jáde nítorí ṣúgà tí ń wọlé kì í mọ̀ pé ṣúgà náà ti dáwọ́ dúró. Bí a bá pa á lójijì, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní wákàtí tí ó kẹ́yìn a ń dín ìyára rẹ̀ sí ìdajì, lẹ́yìn tí a bá sì ti pa á, a ń gún ìka rẹ̀ wo ṣúgà. Lẹ́yìn èyí, omi iyọ̀ mílílítà 10 yóò ṣan ọ̀nà, ceftriaxone yóò wọlé fún ìṣẹ́jú 30, omi iyọ̀ mílílítà 10 yóò tún ṣan án, omeprazole yóò wọlé díẹ̀díẹ̀, omi iyọ̀ yóò sì tún ṣan án. Fún omeprazole alẹ́, a ń dá oúnjẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan péré, a ó ṣan ọ̀nà ṣáájú, a ó ṣan án lẹ́yìn, oúnjẹ yóò sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ringer's kò gbọdọ̀ wọ inú ìṣàn yìí rárá. A kọ gbogbo rẹ̀ sára ìwé kan ní orí bẹ́ẹ̀dì, ìyá ọkọ rẹ̀ sì mọ aago mẹ́wàá àti aago mẹ́rin débi pé òun ni ó ń pe nọ́ọ̀sì bí ìṣẹ́jú bá ti ń kọjá.

Omi tí ń tú jáde láti ara ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ó sì pa dé láìsí iṣẹ́ abẹ mìíràn. Kí wọ́n tó dá oúnjẹ inú iṣan dúró, ó ti ń mu ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí albumin rẹ̀ gun 31, calcium tí láàbù kà jẹ́ 2.16, ìyẹn 2.34 bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún fi calcium kan sí i lára. Ìwé tí wọ́ọ̀dù náà fi ń béèrè oúnjẹ inú iṣan ti ní àyè báyìí fún albumin lẹ́gbẹ̀ẹ́ calcium, àyè fún iye kánúlà tí aláìsàn ní, àti àyè fún aago tí oúnjẹ kì í kán. Báàgì tí àyè mẹ́ta yìí bá ṣófo lára ìwé rẹ̀ kì í jáde ní ilé oògùn.